Orí Kẹfà: Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Yóò Ṣí

Nínú ìtàn agbami òkun, ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí ni etí àwọn èèyàn máa ń fẹ́ gbọ́: èrò tó kún èbúté, ìlù tó ń dún, òdòdó lọ́rùn àwọn atukọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ọgbọ́n tó wà nídìí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ibi tí ọkọ̀ ti ṣí ni kó tẹjú mọ́. Lórí òkun Pàsífíìkì, níbi tí erékùṣù kan ti lè jìnnà sí èkejì tó 4,000 kìlómítà, àṣìṣe tí atọ́nà bá ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é tún ṣe mọ́ ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Atẹ́gùn ò ní gbà fún un. Ìdí nìyẹn tí orí yìí fi máa pẹ́ lórí ìgbáradì, lórí dídúró de ọjọ́, àti lórí wíwo ẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1976, ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Hōkūleʻa ṣí kúrò ní Honolua, ní erékùṣù Maui, láàárín àwọn erékùṣù Hawaii. Tahiti ló ń lọ. Atọ́nà rẹ̀ kò lo kọ́ńpáàsì, kò lo máàpù, kò lo aago. Ọkọ̀ méjì tó gùn tó mítà 19 ni wọ́n fi igi ìdábùú àti okùn so pọ̀, tí wọ́n tẹ́ pákó sáàárín wọn, tí wọ́n ri òpó méjì mọ́lẹ̀ fún ìgbòkun. Lóòótọ́, ohun èlò òde òní ni wọ́n fi kan ara ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ àti bó ṣe ń rìn lójú omi, ti àwọn ará àtijọ́ ni.

Àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ ló bí i. Ní ọdún 1947, Thor Heyerdahl, ọmọ ilẹ̀ Norway, di igi pọ̀, ó pè é ní Kon-Tiki, ó gbéra láti Peru, atẹ́gùn àti ìṣàn omi sì gbé òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fún ọjọ́ 101 títí wọ́n fi fẹ́gbẹ́ lu òkúta iyùn ní Raroia. Ó ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn ará Polynesia ti wá. Ní 1956, Andrew Sharp, onítàn kan ní New Zealand, kọ̀wé pé rárá, ìhà ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá: àwọn tí ìjì fẹ́ sọnù ló kàn ń bọ́ sórí erékùṣù tí wọ́n bá ṣe kòńgẹ́. Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ. Àwọn èèyàn tó tan ara wọn ká láti Hawaii dé Rapa Nui dé New Zealand, tí wọ́n gbé ìyàwó, ọmọ, ẹran àti èso gbìngbìn dání, wọ́n sọ baba ńlá wọn di ẹni tí omi gbé.

Nígbà tó yá, àwọn kan fi kọ̀ǹpútà dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1973 fi hàn pé bí ọkọ̀ bá kàn ń léfòó tẹ̀ lé atẹ́gùn àti ìṣàn omi láti ìhà ibòmíràn ní Polynesia, kò lè dé Hawaii. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, ó ní ibi tó ń lọ. Ọdún 1973 yẹn náà ni Ben Finney tó jẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀yà ènìyàn, Herb Kane tó jẹ́ ayàwòrán, àti Tommy Holmes tó mọ omi dunjú, dá ẹgbẹ́ Polynesian Voyaging Society sílẹ̀ láti kan ọkọ̀ kí wọ́n sì fi rin ọ̀nà náà gan-an.

Ọkọ̀ wà nílẹ̀ ní 1975. Ẹni tó máa tọ́nà ni kò sí. Ní Hawaii, ẹni ìkẹyìn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìràwọ̀ àti ìgbì rìn ti kú láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Òkèèrè ni wọ́n ti lọ wá ẹni tó kù, ní Satawal ní Micronesia, erékùṣù tí kò tó kìlómítà méjì níbùú lóròó. Mau Piailug ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1932. Nígbà tó ṣì wà ní kékeré, bàbá bàbá rẹ̀ máa ń gbé e sínú adágún tí ìgbì ń wọ̀ tó ń jáde láàárín òkúta létíkun, kí ara ọmọ náà lè mọ bí òkun ṣe ń fà àti bó ṣe ń tì kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè é. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n to ègé iyùn 32 sí òbìrí lórí rẹ̀. Ègé kọ̀ọ̀kan dúró fún ibi tí ìràwọ̀ kan ti ń yọ tàbí tó ti ń wọ̀, ọkọ̀ sì wà láàárín gbùngbùn. Ó ní láti kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí: ìràwọ̀ tó wà lókè erékùṣù báyìí bí èèyàn bá ń ti ibi báyìí bọ̀, àti èyí tó kọjú sí i lẹ́yìn ọkọ̀.

Ohun tó mú kí ìmọ̀ yìí ṣe é gbọ́kàn lé ni pé ìràwọ̀ kì í pààrọ̀ ibi tó ti ń yọ. Bó bá yọ ní ojú kan létí òkun lálẹ́ òní, ojú kan náà ni yóò ti yọ lọ́la, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin yá ju ti òní lọ. Bó bá ti gòkè jù, atọ́nà á fi í sílẹ̀, á mú èyí tó bá tún yọ níbẹ̀. Ní òru kan, ó lè lo bíi mẹ́wàá tẹ̀ léra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀sán ni wàhálà wà, nítorí oòrùn kò wúlò fún ọ̀nà àfi nígbà tó bá ń yọ àti nígbà tó bá ń wọ̀. Láàárín méjèèjì, ìgbì ni wọ́n ń bá rìn. Kì í ṣe ìgbì kéékèèké tí atẹ́gùn àárọ̀ dá sílẹ̀ o, àwọn ìgbì gígùn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kì í yí ibi tó ń lọ padà fún ọjọ́ mélòó kan. Bí òkùnkùn bá ṣú tí ojú kò ríran mọ́, Mau á lọ dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, á máa fi ara gbọ́ bí ìgbì ṣe ń gbé e sókè tó ń sọ ọ́ kalẹ̀, á sì mọ̀ bóyá ẹni tó wà nídìí àjẹ̀ ti ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí tí ọjọ́ àkọ́kọ́ fi le tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn máa ń mú jù lọ lágbedeméjì ayé. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á gòkè. Afẹ́fẹ́ mìíràn láti àríwá àti láti gúúsù á sì ya wọlé dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ń yí, yíyí rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yìí lọ gbọọrọ; ó ń darí rẹ̀ sápá ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, ní àríwá agbedeméjì ayé, láti igun àríwá àti ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ní gúúsù, láti igun gúúsù àti ìlà-oòrùn ni. Ọjọ́ gbogbo, láìfi bẹ́ẹ̀ sinmi. Láàárín méjèèjì ni ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè lọ, tí atẹ́gùn ń kú sórí omi, tí ìkùukùu ń bo ìràwọ̀, tí òjò ń ya lulẹ̀.

Tahiti wà ní gúúsù Hawaii, gbogbo èèyàn ló rí i lórí máàpù. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ni pé ó tún fi nǹkan bí 700 kìlómítà wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Atẹ́gùn méjèèjì sì ń ti ọkọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìṣàn omi ń tì í síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ onígbòkun kò lè kọjú tààrà sí atẹ́gùn. Ó kàn lè fẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ọn ni. Bí atọ́nà bá jẹ́ kí ọkọ̀ sáré lọ sí gúúsù gbọọrọ bó ṣe ń kúrò ní Maui, yóò gbádùn ìrìn náà, ọkọ̀ á yá, ara á tu gbogbo wọn. Ní òpin oṣù, yóò bá ara rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Tahiti, atẹ́gùn á sì wà lójú rẹ̀ tí yóò máa lé e lọ. Ìlà-oòrùn dà bí ọjà òwúrọ̀: ẹni tí kò bá rà á nígbà tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ná, kò ní bá a nígbà tí ọjà bá ń tú. Láti wákàtí àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ máa fi imú lé ìhà atẹ́gùn, kí ìgbì máa fọ́ lù ú, kí gbogbo èèyàn rin gbindin, kí èébì máa gbé àwọn tí ara wọn kò tíì mọ òkun. Ọjọ́ méjì mẹ́ta ló máa ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn kí ara tó gbà. Ọjọ́ méjì mẹ́ta yẹn gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ jù.

Nínú iṣẹ́ náà, wíwo ẹ̀yìn ló gbawájú. Ọkọ̀ tó kọjú sí ibì kan lè má lọ síbẹ̀ rárá. Atẹ́gùn ń rọra tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bó ṣe ń tì í tó? Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣì ń hàn, òkè ni wọ́n ń wò. Haleakalā ní Maui ga ní mítà 3,055, Mauna Kea ní erékùṣù ńlá tó wà ní gúúsù rẹ̀ ga ní mítà 4,207. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, orí Mauna Kea lè ṣì hàn sí ẹni tó ti rìn ju 200 kìlómítà lọ lórí omi. Bí òkè bá wà níbi tó yẹ kó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó dára. Bó bá ti ń sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, atọ́nà á mọ bí omi àti atẹ́gùn ṣe ń gbé e ṣìnà tó, á sì fi ìyẹn ṣírò fún gbogbo ọjọ́ tó kù. Lẹ́yìn tí òkè bá ti wọ̀, ipa funfun tí ọkọ̀ ń fi sílẹ̀ lórí omi ló kù. Ẹ dúró ní ìdí ọkọ̀, ẹ wo ipa náà: bí kò bá bọ́ gbọọrọ sẹ́yìn, tó ṣẹ́ díẹ̀ sí ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, bó ṣe ṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ṣe ń yẹ̀ tó.

Àwọn atọ́nà Micronesia gbé èyí dé ibi tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo ìmọ̀ yìí. Etak ni wọ́n ń pè é. Nínú ìrònú wọn, ọkọ̀ dúró sójú kan. Omi ló ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, erékùṣù ló ń rìn. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ń sún sẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń lọ ń sún mọ́ wọn, ẹ̀kẹta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, tó ń ti abẹ́ ìràwọ̀ kan bọ́ sábẹ́ òmíràn bí ọjọ́ ti ń lọ. Atọ́nà tó bá sọ pé erékùṣù ẹ̀gbẹ́ náà ti wà lábẹ́ ìràwọ̀ kẹta ti sọ bí ọkọ̀ ṣe yá tó, iye àkókò tó ti kọjá, àti ibi tí wọ́n dé, lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe àlọ́, ìṣirò tó péye ni.

Bí ibi tí ọkọ̀ ti ṣí ṣe ń wà lọ́kàn àwọn atọ́nà Pàsífíìkì, àwọn òyìnbó ti rí i tipẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1769, Tupaia, àlùfáà àti atọ́nà láti Raiatea, bá James Cook wọ ọkọ̀ Endeavour ní Tahiti. Ó bá wọn dé New Zealand, ó bá wọn dé Batavia níbi tó ti kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àkọsílẹ̀ wà pé níbikíbi tí ọkọ̀ bá wà, bó ti wù kó yà tó kó yí tó, bí wọ́n bá bi í léèrè, ó lè na ọwọ́ sí ìhà tí Tahiti wà.

Ẹrù náà jẹ́ ara ìmọ̀. Ẹni tó ń lọ tẹ erékùṣù tuntun dó kò lè retí oúnjẹ níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ erékùṣù tó dá wà láàárín òkun kò ní ohun púpọ̀ tí èèyàn lè jẹ. Ohun tí àwọn ará Polynesia kó dání ni kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu, àgbọn, àti gbẹ̀rẹ̀fútù, igi kan náà tí à ń jẹ èso rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lónìí. Irú gbẹ̀rẹ̀fútù tí wọ́n fẹ́ràn jù kò ní kóró. Ọmọ tó hù láti ara gbòǹgbò ni wọ́n gbọ́dọ̀ hú, kí wọ́n wé e dáadáa, kí wọ́n dáàbò bò ó lọ́wọ́ iyọ̀ òkun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin márùn-ún. Bí omi òkun bá ta sí i púpọ̀, ó kú nìyẹn, ebi ń dúró de àwọn èèyàn níwájú. Ní 1976, Hōkūleʻa gbé irúgbìn tí wọ́n wé báyìí dání láti dán an wò, pẹ̀lú ajá, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ.

Ìrìn àjò náà lọ bí wọ́n ṣe gbèrò rẹ̀, àyàfi pé inú àwọn èèyàn kò ṣọ̀kan. Níbi tí atẹ́gùn ti kú lágbedeméjì ayé, tí ooru mú, tí ọkọ̀ kò lọ, ìbínú tó ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn atukọ̀ ru sókè, ó sì pọ̀ débi tó fi dun Mau gidigidi. Òun ní tirẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ. Ìràwọ̀ àríwá tí wọ́n ń pè ní Polaris, tó ga ní bíi dìgírì 21 ní Maui, ń lọ sílẹ̀ lálaalẹ́. Dìgírì kan tó bá lọ sílẹ̀ jẹ́ 111 kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn sí gúúsù. Nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì ayé, ó wọ inú òkun, wọn ò rí i mọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ rí ilẹ̀ ní Mataiva, erékùṣù pẹlẹbẹ kan nínú ọ̀wọ́ Tuamotu, ní àríwá Tahiti. Kì í ṣe pé wọ́n ṣì í. Àwọn erékùṣù Tuamotu lé ní 70, wọ́n tò lọ títí tó 1,500 kìlómítà, atọ́nà sì mọ̀ọ́mọ̀ ń lé gbogbo ọ̀wọ́ náà ni, torí ẹni tó bá kan ọ̀kan nínú wọn ti mọ ibi tí Tahiti kù sí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà, wọ́n wọ Papeete. Wọ́n ṣírò èrò tó pàdé wọn sí 17,000, àwọn ọmọdé sì gun ìdí ọkọ̀ débi tó fi rì wọ inú omi lápá ẹ̀yìn. Mau wọ bàálù lọ sílé láti ibẹ̀. Ó fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n má wá òun wá mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1978 ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọjọ́ ṣíṣí báyìí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún yẹn, Hōkūleʻa tún gbéra láti Honolulu sí Tahiti, láìsí Mau. Ẹrù rẹ̀ wúwo. Ẹ̀fúùfù le gan-an. Ọjọ́ ti pé lórí kàlẹ́ńdà. Lójú ọ̀run, kò tíì pé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti kún apá kan ọkọ̀, ó sì dojú dé nínú ojú omi tó wà láàárín Oʻahu àti Molokaʻi. Gbogbo òru ni wọ́n fi rọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ nínú òtútù. Lọ́jọ́ kejì, Eddie Aikau, ẹni ọdún 31, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yọ àwọn tó ń rì ní etíkun Waimea, mú pákó tó fi ń gun ìgbì, ó ní òun á wà á lọ sí Lānaʻi láti wá olùrànlọ́wọ́. Bàálù kan rí iná tí wọ́n tàn lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì yọ àwọn tó kù. Aikau, wọn ò rí i títí dòní. Kò sí ibì kan nínú ìrìn náà tó jìnnà sílé.

Lẹ́yìn ikú yìí, Nainoa Thompson, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn, lọ bá Mau pé kó padà wá kọ́ wọn. Mau gbà. Kì í ṣe gbogbo àwọn ará ilé rẹ̀ ló fọwọ́ sí i kó kọ́ àwọn àjèjì, ṣùgbọ́n ó ti rí i pé àwọn ọ̀dọ́ Satawal fúnra wọn ti ń kẹ̀yìn sí ìmọ̀ náà. Ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ jẹ́ ti ojú ọjọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òun àti Nainoa á ti wà ní ibi gíga kan létí òkun ní Oʻahu, wọ́n á máa wo bí oòrùn ṣe ń yọ: àwọ̀ ìkùukùu, bó ṣe ga tó, ìhà tó ń lọ. Lọ́jọ́ kan níbẹ̀, ó ní kí Nainoa na ọwọ́ sí ibi tí Tahiti wà. Ó nà án. Ó bi í bóyá ó rí erékùṣù náà. Nainoa dáhùn pé òun kò fi ojú rí i, ṣùgbọ́n òun rí àwòrán rẹ̀ nínú ọkàn òun. Mau ní kó má jẹ́ kí àwòrán yẹn sọnù, torí bó bá sọnù, Nainoa náà ti sọnù.

Ní 1980, ọkọ̀ náà gbéra láti Hilo nígbà tí ojú ọjọ́ gbà, ọkọ̀ mìíràn sì ń tẹ̀ lé e nítorí ewu. Nainoa ló ń tọ́nà. Mau wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Tuamotu, wọ́n rí ẹyẹ. Àwọn ẹyẹ funfun kan wà tó ń sùn lórí ilẹ̀, tí wọ́n máa ń fò lọ pẹja lórí òkun láàárọ̀, tí wọ́n ń padà nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá rí wọn nírọ̀lẹ́ kó máa tẹ̀ lé wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹyẹ kan ti ẹ̀yìn ọkọ̀ fò wá, ó kọjá síwájú. Ẹ̀rù ba Nainoa. Bí ẹyẹ bá ń ti ilé bọ̀ láàárọ̀, a jẹ́ pé erékùṣù wà lẹ́yìn, wọ́n ti kọjá rẹ̀ lóru. Ó ní kí wọ́n yí ọkọ̀ padà. Ìgbà náà ni Mau tó lanu: kí wọ́n yí i padà síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ lé ẹyẹ náà. Kò pẹ́ púpọ̀, erékùṣù yọ níwájú. Ohun tí Mau rí tí Nainoa kò rí ni ẹja tó wà lẹ́nu ẹyẹ ọ̀hún. Ó ní ọmọ nítẹ̀ẹ́, kò sì ní jẹun tirẹ̀ kó tó gbé oúnjẹ lọ fún un. Ilé ló ń lọ ní àárọ̀ yẹn.

Nígbà àbọ̀, Nainoa fi ìràwọ̀ mẹ́rin ojú ọ̀run gúúsù tó jọ àgbélébùú wá Hawaii. Bí èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ bá dúró ṣánṣán, tí àlàfo láàárín wọn sì bá dọ́gba pẹ̀lú àlàfo láti ìsàlẹ̀ dé ojú òkun, ọkọ̀ ti dé ìwọ̀n ibi tí Hawaii wà ní àríwá. Òun ni ọmọ Hawaii àkọ́kọ́ tó tọ ọ̀nà náà lọ tó sì tọ̀ ọ́ bọ̀ láìlo irinṣẹ́, láti ayé àwọn baba ńlá wọn.

Àwọn ará Hawaii kan ọkọ̀ kan fún Mau láti fi dúpẹ́. Alingano Maisu ni wọ́n sọ ọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ó ṣí láti Kawaihae, Hōkūleʻa sì bá a rìn, atẹ́gùn ìlà-oòrùn ń ti àwọn méjèèjì lẹ́yìn títí dé Satawal. Níbẹ̀, ní oṣù Kẹta, Mau ṣe ètò ìwúyè tí wọ́n ń pè ní pwo, èyí tí kò tíì wáyé ní Satawal láti bí 50 ọdún. Nainoa àti ọmọ Hawaii mẹ́rin mìíràn wà lára àwọn tó wúyè, àtàwọn ará Micronesia, títí kan Sesario Sewralur, ọmọ bíbí inú Mau. Mau kú ní oṣù Keje 2010. Palau ni Sesario ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní títọ́ ọkọ̀, Maisu ni wọ́n sì fi kọ́ṣẹ́.